Epo, Àgbá àti Ìtẹ́ Akítóyè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi wọ ọ̀sà Èkó lọ́dún 1851, kó má tíì lọ sí ààfin, ìdí ẹkù epo ni kó kọ́kọ́ lọ. Ní ẹkù, àwọn obìnrin á se ẹyìn títí á fi rọ̀, wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n wọ inú kòtò lọ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á bu omi lé e, epo á sì léfòó. Wọ́n á máa fi ọwọ́ kó o sínú igbá, wọ́n á tún un sè kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ tán. Ìyá tó bí ìyá mi ṣe iṣẹ́ yìí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà Ẹ̀jìnrìn. Kò sí ẹni tó lè ta epo olómi fún un. Á ki ìka bọ inú garawa, á fi pa àtẹ́lẹwọ́, á gbóòórùn rẹ̀, á sì ní kí wọ́n rọra dà á títí dé ìsàlẹ̀ kí òun lè rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá rí iyanrìn níbẹ̀, kò ní bá ẹni náà nájà mọ́.

Epo tó mọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Liverpool ń wá kiri. Wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin kó má baà jẹra, àwọn tó ń ṣe páànù náà ń lò ó. Ìjọba wọn ti fòfin de òwò ẹrú láti 1807, àwọn oníṣòwò ìlú náà tó ti ń kó ẹrú tẹ́lẹ̀ sì yí padà sí epo. Nígbà tó fi di 1850, epo pupa tó ń wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún kan ti lé ní 20,000 tọ́ọ̀nù. Bonny àti Calabar ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Ilẹ̀ Yorùbá ni wọn kò tíì ráyè wọ̀, bẹ́ẹ̀ epo ibẹ̀ dára débi pé nígbà tó yá, orúkọ Èkó ni ọjà Liverpool fi ń pe epo tó rọ̀ tó sì mọ́ jù lọ.

Iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni mo ṣe jẹun ní Èkó. Nínú àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ, gbólóhùn kan péré ló wà fún ogun 1851: Gẹ̀ẹ́sì wá láti fòpin sí òwò ẹrú. Irọ́ kọ́. N kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ mi fọ Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí Gẹ̀ẹ́sì bá jà, mọ́. Èkó ìgbà náà, ọjà ẹrú ni. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún yẹn, láti ìlà agbedeméjì ayé sókè, kò sí èbúté mìíràn tó kó ènìyàn sọdá òkun tó Èkó. Àwọn tí ogun Ọ̀yọ́ àti Òwu àti Ẹ̀gbá fọ́n ká ni wọ́n ń dì ní okùn wá síbẹ̀, Bahia àti Cuba sì ni wọ́n ń kó wọn lọ. Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, wà lára wọn. Èkó ni wọ́n ti tà á sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Ohun tí mo ń bá àwọn ìwé yẹn jà sí ni pé gbólóhùn wọn dúró lágbedeméjì ọ̀nà. Wọ́n sọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì wá ṣe, wọn kò sọ iye tó gbà fún un, wọn kò sì sọ ẹni tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ ìdílé ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ọba Ológun Kútẹrẹ̀ ni Akítóyè, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ni Kòsọ́kọ́. Nígbà tí Akítóyè gorí oyè ní 1841, ó ní kí Kòsọ́kọ́ padà wálé láti ibi tó sá lọ, ó fi í jẹ Ọlọ́jà Ẹrẹ́kọ̀. Ẹlẹ́tù Òdìbò, ọ̀tá Kòsọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, bínú kúrò nílùú. Àánú tí Akítóyè ṣe kò gbè é. Ní 1845 Kòsọ́kọ́ dìde sí i, wọ́n sì ja ogun tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Olómirò. Akítóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, ó ti ibẹ̀ bọ́ sí Àgbádárìgì. Níbẹ̀ ló ti bá àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì pàdé, níbẹ̀ náà ló sì ti rí i pé ohun kan wà tí òun lè fi ra ìrànlọ́wọ́: kí òun ṣèlérí pé òun á fòpin sí òwò ẹrú bí wọ́n bá lè dá òun padà sórí ìtẹ́. Kó tó di pé wọ́n lé e, òwò ẹrú ń lọ geerege ní Èkó lábẹ́ rẹ̀. N kò sọ pé ìlérí rẹ̀ kò tọkàn wá. Ọba tí wọ́n lé jáde, ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa tà.

Gbogbo ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ló ní ohun tó ń wá. Àwọn Ẹ̀gbá ń wá ọ̀nà dé òkun, torí Kòsọ́kọ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló di ọ̀nà náà mú, àwọn ará Dàhómì sì ń halẹ̀ mọ́ wọn látẹ̀yìn. Lóṣù kẹta 1851 Ọba Gezo kó ogun dé odi Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì lé e padà. Àwọn míṣọ́nnárì ń wá ààbò fún ìjọ wọn. Àwọn Sàró, àwọn ọmọ wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun tí wọ́n sì padà láti Sierra Leone, fẹ́ gbé ilé kí wọ́n sì ṣòwò láìfòyà pé wọ́n á tún jí wọn tà. Nínú oṣù kọkànlá ọdún náà, Crowther wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí Lord Palmerston tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n mú un dé iwájú Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀, ó sì rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá Akítóyè padà sí Èkó. Nígbà tí mo bá rántí ibi tí wọ́n ti ta ọkùnrin náà, n kò rí ẹ̀bi rẹ̀ rárá. Ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní Èkó lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹ́ kí wọ́n fọ́ ọjà ẹrú Èkó.

Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yìí ti ṣírò tiwọn. Láti 1849 ni Palmerston ti fi John Beecroft ṣe kọ́ńsù, ìyẹn aṣojú ìjọba, fún gbogbo etí òkun láti Dàhómì títí dé Cameroon. Oníṣòwò ni Beecroft fúnra rẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn ará Niger Delta dòwò pọ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Kòsọ́kọ́ lóṣù kọkànlá 1851 pẹ̀lú ìwé àdéhùn lọ́wọ́, èsì Kòsọ́kọ́ ni pé abẹ́ Ọba Benin ni òun wà, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá a sọ̀rọ̀, àti pé òun kò fẹ́ bá Gẹ̀ẹ́sì dọ́rẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù yẹn wọ́n gbìyànjú láti fi ipá wọ̀lú, àwọn ará Èkó sì lé wọn padà.

Wọ́n tún wá lẹ́yìn Kérésìmesì pẹ̀lú ọkọ̀ tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bloodhound àti Teazer wọ inú ọ̀sà, méjèèjì sì há sórí iyanrìn níbi tí ìbọn ti lè bà wọ́n láti etíkun. Òṣòdì Tápà, olórí ogun Kòsọ́kọ́, ti ri òpó mọ́ etí omi, ó sì ti to àgbá lẹ́yìn wọn. Nínú ìjà náà Gẹ̀ẹ́sì pàdánù bí ọmọ ogun 15, àwọn tó fara gbọgbẹ́ sì lé ní 70. Fún ogun etíkun ilẹ̀ Áfíríkà nígbà náà, iye yẹn kò kéré. Lẹ́yìn náà ni ohun ìjà oníná wọn bá ibi tí ẹ̀tù wà, iná gba ìlú. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá, Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti wa ọkọ̀ lọ. Àwọn ará Èkó pe ogun yẹn ní Ogun Ahóyaya, wọ́n tún pè é ní Àgìdìngbì nítorí ìró àgbá tó ń mi ilẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Èkó mọ orúkọ méjèèjì yìí.

Wàyí o, ìwé àdéhùn. Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1852 ni Akítóyè tọwọ́ bọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀ Penelope, nígbà tí èéfín kò tíì kúrò lójú ọ̀run Èkó. Òwò ẹrú sí òkè òkun ti dópin. Wọn kò gbọdọ̀ fi ènìyàn rúbọ mọ́. Àwọn míṣọ́nnárì á máa wàásù láìsí ìdíwọ́. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì á máa ra ohun tó bá wù wọ́n, wọ́n á máa ta ohun tó bá wù wọ́n, ọba kò sì gbọdọ̀ fún àwọn ará ilẹ̀ mìíràn ní ojúrere tí kò ní fún wọn. Bí òwò ẹrú bá tún padà, Gẹ̀ẹ́sì lè fi agbára dá a dúró. Mo máa ń kọ àwọn kókó wọ̀nyí sójú pátákó, mo sì máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé: nínú gbogbo wọn, èwo ni wọ́n tìtorí rẹ̀ tún gbé ìbọn?

Òwò ẹrú sí òkè òkun kú lóòótọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń yin àgbá sí Èkó, Brazil, tó jẹ́ oníbàárà tó tóbi jù, ti ṣòfin ní 1850 tó sé etíkun rẹ̀ mọ́ ẹrú. Ọjà náà ti ń padà lẹ́yìn Kòsọ́kọ́ kí ilé rẹ̀ tó jó. Ẹrú nínú ilé wa ńkọ́? Ìyẹn kò kú. Epo ni kò jẹ́ kó kú. Ẹrù epo kan láti Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú dé etí ọ̀sà, orí ènìyàn ló ń gbé e. Ẹni tó gé ẹyìn, ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ẹni tó rù ú, ẹrú ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ra epo sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ológun ń wá ẹrú sí i láti ṣe é. Nígbà tí Èkó di ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tán, níbi tí òfin wọn sọ pé ẹrú kò gbọdọ̀ sí, àwọn gómìnà kò fẹ́ tú gbogbo ẹrú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé òwò á dàrú. Ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Níbi tí àánú àti èrè bá ti rìn pọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́ àánú. Níbi tí wọ́n bá ti pínyà, èrè ló ń tẹ̀ lé.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe pẹ̀lú Kòsọ́kọ́. Ó tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, ó ń kó epo gba Palma àti Lẹ́kkí jáde, òwò Èkó sì ń jò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1854, Kọ́ńsù Benjamin Campbell lọ bá a tọwọ́ bọ̀wé ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀daràn ẹrú tí wọ́n yin àgbá lé jáde ní ọdún mẹ́ta ṣáájú di ẹni tí wọ́n gbà pé ó ni èbúté, tí wọ́n sì ṣèlérí owó ọdọọdún fún, bí ó bá ti lè jáwọ́ nínú òwò ẹrú kó sì gbàgbé ìtẹ́ Èkó. Akítóyè kò sí láyé láti rí i. Ó ti wàjà lóṣù kẹsàn-án 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ ló jọba.

Ìyáàfin Tinúbú náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Òun ló ti ran Akítóyè lọ́wọ́ nígbà tó wà ní Àgbádárìgì, ó sì lágbára nílùú nígbà tí wọ́n padà dé. Ó ta ẹrú rí, ó ta epo, ó ta ìbọn. N kò ní fi ìdí rẹ̀ pamọ́ nítorí pé obìnrin bíi tèmi ni. Òun àti àwọn oníṣòwò òkèèrè ń fa ọ̀rọ̀ gbèsè, ó sì ń bá àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà láti Brazil, tí Campbell gbẹ́kẹ̀ lé du ipò láàfin. Ní 1856 Campbell fi dandan lé e fún Dòsùnmú pé kó lé e kúrò ní Èkó. Ọba gbọ́, torí ta ló gbé bàbá rẹ̀ padà sórí ìtẹ́? Abẹ́òkúta ni Tinúbú lọ, ibẹ̀ ló ti di Ìyálóde lẹ́yìn tó kó ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn Ẹ̀gbá láti fi kojú Dàhómì ní 1864.

Títí di 1861, Gẹ̀ẹ́sì kò tíì ni Èkó. Ọba ló ń gba owó bodè lórí epo tó ń jáde, èyí sì ń mú ìjà wá lójoojúmọ́ láàárín òun àti àwọn oníṣòwò. Kọ́ńsù ń gbé e sókè, ó ń gbé e sọ̀ kalẹ̀. Lóṣù kẹfà 1861 Lord Russell, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, kọ̀wé láti London pé kí wọ́n gba Èkó. Ìdí tó tò sínú rẹ̀ ni pé kí òwò ẹrú lè kú pátá, kí òwò tó tọ́ lè gbèrú, kí ọba Dàhómì lè gbé jẹ́ẹ́. Ẹni tó wà nípò kọ́ńsù nígbà náà ni William McCoskry, torí kọ́ńsù tòótọ́ ti kú. Oníṣòwò ní Èkó ni McCoskry. Irùngbọ̀n pupa rẹ̀ ló mú kí àwọn ará Èkó máa pè é ní Apọ́ngbọ̀n, orúkọ tó ṣì wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó títí dòní, tí àwọn awakọ̀ dáńfó ń pariwo rẹ̀ láìmọ ẹni tó ni í. Mo fẹ́ kí òǹkàwé ronú sí i: ọkùnrin kan náà ló ń ra epo, tó ń bá ọba du iye owó bodè, tó tún gbé ìwé lọ bá ọba náà pé kó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Dòsùnmú tọwọ́ bọ̀ ọ́ tán, McCoskry yìí náà ló ṣe adelé gómìnà.

Ọjọ́ 30 oṣù keje ni wọ́n pe Dòsùnmú wá sínú ọkọ̀ ogun Prometheus, níbi tí McCoskry àti Ọ̀gá Bedingfield ti ka ọ̀rọ̀ náà sí i létí. Àwọn ìjòyè bínú. Wọn kò rí ìdí tí ọba á fi fi ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan tọrẹ. Wọ́n sọ fún un pé bí kò bá gbà, ọkọ̀ náà á yin ìbọn sí ìlú. Gbogbo ẹni tó ti lé ní ọmọ ogún ọdún ní Èkó ló rántí 1851. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, Dòsùnmú àti àwọn ìjòyè rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé. Wọ́n ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yin ìbọn ìkíni 21, àwọn ọmọ ilé-ìwé míṣọ́n bí 300 sì kọ orin orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ Sàró àti ọmọ àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú ló pọ̀ láàárín wọn, ayọ̀ wọn sì lè jẹ́ ayọ̀ tòótọ́. Lẹ́yìn náà Dòsùnmú kọ̀wé sí Ọbabìnrin pé wọ́n fi ipá gba ìlú òun ni. Wọn kò dá a padà.

Ohun tí wọ́n dá padà fún un ni owó ìfẹ̀yìntì: àpò owó ẹyọ 1,200 lọ́dún, tí wọ́n ṣírò sí bí £1,030. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan, okùn àádọ́ta jẹ́ ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ kan yìí sì ni àpò, ẹrù tó tó ọkùnrin kan rù. Lójú ẹni tó rí i níbi tí wọ́n tò ó sí, owó ńlá ni. Àmọ́ ilé òwò O'Swald ti Hamburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ kó owó ẹyọ wá láti Zanzibar láti fi ra epo ní Èkó. Wọ́n kó o wá débi pé iye rẹ̀ ń wálẹ̀ lọ́dọọdún. Aláìmọ̀kan kọ́ ni Dòsùnmú. Ó mọ̀ pé owó bodè ni ọba fi ń jẹ́ ọba, ó sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun nìyẹn.

Ìjọba tuntun gbé ilé aṣọ́bodè kalẹ̀, owó rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń san owó oṣù gómìnà, ọlọ́pàá àti ọmọ ogun. Ọtí líle tó ń ti Hamburg àti Rotterdam wọlé ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà wá. Àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n ti gbàdúrà fún dídé àsíá náà lo ìyókù ọ̀rúndún yẹn láti máa kọ̀wé ìbínú lórí ọtí. Àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n ti bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ náà rí tiwọn. Ní 1865, nígbà tí wọ́n dóti Ìkòròdú, Glover tó ń ṣàkóso Èkó rán ọmọ ogun jáde láti lé wọn, torí pé ọ̀nà òwò ni Ìkòròdú wà. Lára ọmọ ogun Glover ni àwọn ẹrú tó sá lọ́wọ́ olówó wọn nílẹ̀ Yorùbá, Hausa ló pọ̀ nínú wọn. Ní 1867 àwọn Ẹ̀gbá bínú, wọ́n lé àwọn Òyìnbó jáde ní Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé.

Ogun Kírìjì tó bẹ́ ní 1877 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, odidi ìwé ló yẹ ẹ́, n kò ní lè rò ó tán níbí. Nǹkan kan péré ni mo fẹ́ fà yọ. Èkó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣíwọ́ ìjà, láti Èkó sì ni ìbọn tuntun tí wọ́n ń ki ọta bọ̀ láti ẹ̀yìn ti ń lọ sọ́dọ̀ Ògèdèǹgbé, olórí ogun Èkìtì Parapọ̀, nípasẹ̀ àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ń ṣòwò níbẹ̀. Ìfẹ́ ilé ló mú wọn rà á, ṣùgbọ́n ilé òwò Òyìnbó ló tà á, aṣọ́bodè Èkó sì gba tirẹ̀. Láàárín ọdún bíi mélòó kan, owó epo wálẹ̀ ní Liverpool, ọ̀nà dí, owó ìjọba Èkó ń dínkù. Àwọn Faransé wà ní Porto-Novo, oníṣòwò ará Jámánì kan, Gaiser, sì ti gba etíkun Mahin lọ́wọ́ ọba ibẹ̀ ní 1885. Ìgbà yẹn ni Gómìnà Moloney rán Samuel Johnson àti Charles Phillips lọ parí ìjà, wọ́n sì ṣe ìwé àlàáfíà ní 1886. Àwọn àlùfáà méjèèjì fi ẹ̀mí wọn wewu láàárín àwọn jagunjagun, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi. Ìjọba tó rán wọn ni mo ń sọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn ará Òkè-Mẹ̀sí ti ń sin òkú kí ìjọba náà tó rán ẹnikẹ́ni lọ parí rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo bá gbọ́ lórí rédíò lónìí pé orílẹ̀-èdè kan rán ìbọn sí àwọn tó ń jà, tó tún fi ọkọ̀ mìíràn kó oúnjẹ ìrànwọ́ sọ́dọ̀ wọn, kì í yà mí lẹ́nu. Mo kàn máa ń fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ ni.

Àwọn Ìjẹ̀bú ni wọn kò gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jìnrìn, ọjà ìyá ìyá mi, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí wọ́n ń jẹ́ kí àwọn ará Èkó wá nájà. Ẹ ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú ló wà láàárín, wọ́n sì ń gba owó bodè. Àwọn oníṣòwò ní Èkó, Liverpool àti Manchester ń pariwo pé ojúkòkòrò ni. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó pe ilé aṣọ́bodè Èkó bẹ́ẹ̀. Ní 1891 Denton, adelé gómìnà, lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú ẹ̀bùn. Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, kọ ẹ̀bùn náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àrífín ni. Lóṣù kìn-ín-ní 1892 wọ́n gba àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú ní ìlérí ní Èkó pé wọ́n á ṣí ọ̀nà láìgba owó bodè, ìjọba á sì máa san £500 lọ́dún dípò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní àwọn Ìjẹ̀bú rú àdéhùn, Ọ̀gágun Scott kó ogun wá lóṣù karùn-ún. Ní Ìmàgbọ̀n, níbi odò Yemọji, àwọn Ìjẹ̀bú dúró pẹ̀lú ìbọn wọn, ìbọn Maxim sì gbá wọn lọ. Ogun 1851, ó ṣeé sọ pé ẹrú wà nínú rẹ̀. Ti 1892, owó bodè ni, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ pa á mọ́. Àwọn Ẹ̀gbá tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé lọ́dún tó tẹ̀ lé e láìsí ìjà.

Benin, tí Kòsọ́kọ́ ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá sọ̀rọ̀, ọdún 1897 ni wọ́n tó lọ. Phillips mìíràn, tí kì í ṣe àlùfáà ìṣáájú, ẹni tí pípa rẹ̀ di ìdí ogun náà, ti kọ̀wé sí London lóṣù kọkànlá 1896 pé eyín erin tó wà láàfin Ọba á tó láti san owó ogun bí wọ́n bá yọ ọba náà nípò. Ìwé yẹn wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pa á.

Ìwé 1861 kò sì kú sínú àpótí. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, pè wọ́n lẹ́jọ́. Ìjọba ní Dòsùnmú ti fún àwọn ní gbogbo ilẹ̀ lọ́jọ́ tó tọwọ́ bọ̀wé. Ní 1920 Olúwa wọ ọkọ̀ lọ sí London, Herbert Macaulay sì bá a lọ pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ Èṣùgbàyí, ọba Èkó, lọ́wọ́. Ọmọ ọmọ Crowther ni Macaulay, ìyá rẹ̀ ni bíṣọ́ọ̀bù náà bí. Ó bá àwọn oníwèé ìròyìn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó sọ ipò tí ọba Èkó wà àti bí ìjọba ṣe ṣe pẹ̀lú ìlérí owó tó ṣe fún ilé Dòsùnmú. Lóṣù keje 1921, ilé-ẹjọ́ tó ga jù nínú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Olúwa láre: ìwé tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ nínú ọdún 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ìjọba gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ fún wọn.

Kí ẹjọ́ náà tó parí, ìjọba ní Èkó ti pàṣẹ fún Ẹlẹ́kọ pé kó rán alágogo káàkiri ìlú láti sọ pé ọ̀rọ̀ Macaulay kì í ṣe ọ̀rọ̀ òun. Èṣùgbàyí kọ̀, kò rán alágogo. Wọ́n ní àwọn kò kà á sí ọba mọ́, wọ́n sì dá owó tó ń gbà lọ́wọ́ ìjọba dúró. Ní 1925 wọ́n kó o lọ sí Ọ̀yọ́, ó sì di 1931 kó tó padà wọ ààfin rẹ̀, Ìgà Ìdúngànrán.